Mẹ́gáàdì, ọlọ́dẹ àdúgbò, kọ́ńpìnnì ẹ̀ṣọ́ tàbí Àmọ̀tẹ́kùn: èwo ló yẹ ká fọkàn tán ní Ilé-Ifẹ̀?

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Alága ẹgbẹ́ onílé wa ni. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ọlọ́dẹ wa ti mú èèyàn kan o." Kí n tó dé ìdí géètì, èrò ti pé. Ọmọkùnrin kan ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi wáyà iná so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ń ro láti etí rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì. Báàgì rẹ̀ ti já, ìwé ti fọ́n ká sínú yẹ̀pẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ilé kẹrin sí tèmi lọmọ náà ń gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó lọ kàwé nínú ọgbà Yunifásítì, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Ọlọ́dẹ wa kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ náà rí ẹni tó di kóńdó mú nínú òkùnkùn, ó sá. Sísá tó sá ni wọ́n fi pè é lólè.

Nígbà tí a dé tẹ́ṣàn lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè kan ni ọ̀gá ọlọ́pàá bi wá: "Ta ló gba ọkùnrin yìí síṣẹ́?" Alága wò mí, èmi náà wo akápò. Ẹnì kan ló mú un wá fún ẹnì kan tó mú un wá fún wa. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí fọ́tò, kò sí onígbọ̀wọ́. Orúkọ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa nìkan la mọ̀. Àwa la sanwó ilé ìwòsàn, àwa la lọ bẹ àwọn òbí ọmọ náà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó nígbà tí ìyá rẹ̀ bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ní kó máa ṣọ́ ọmọ mi?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ yìí. Mo ka òfin, mo lọ sí ọ́fíìsì, mo bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà jókòó. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ilé-Ifẹ̀, Mọ́dákẹ́kẹ́ àti Iléṣà, tẹ́ ẹ fẹ́ gba ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé, ṣọ́ọ̀bù, ilé-ìwé tàbí àdúgbò yín. Ìbéèrè ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn ni mo fi wọn gbogbo wọn.

Àwọn mẹ́rin tí à ń fi wéra

Mẹ́gáàdì ni ẹni tí onílé kan gbà fúnra rẹ̀. Ó sábà máa ń sùn nínú ọgbà, òun ló ń ṣí géètì, òun ló ń gbálẹ̀, òun náà ló ń tan jẹnẹrétọ̀. Ọlọ́dẹ àdúgbò, tí àwọn mìíràn ń pè ní fijilánté, ni ẹni tí ẹgbẹ́ onílé ń dá owó ọdẹ fún lóṣooṣù. Òun lẹ ń gbọ́ tó ń lu irin lóru kí ẹ lè mọ̀ pé ojú òun là. Kọ́ńpìnnì ẹ̀ṣọ́ ni ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń gba èèyàn síṣẹ́, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tó wá ń pín wọn sí báǹkì, òtẹ́ẹ̀lì, ilé-ìwé àti àdúgbò. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀ṣọ́ ìjọba: Àmọ̀tẹ́kùn, ọlọ́pàá àti Sífù Dìfẹ́ǹsì.

Aṣọ ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ẹ má wo aṣọ.

Ta ni yóò dáhùn?

Òfin tó de iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ní Nàìjíríà ni Private Guard Companies Act ti ọdún 1986. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, ohun tó sọ kò sì lọ́jú pọ̀: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ṣíṣọ́ dúkìá ẹlòmíràn, ṣíṣe páró tàbí gbígbé owó kiri ṣòwò, àfi ilé-iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀, tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà pátápátá, tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì ti fún ní láísẹ́ǹsì. Láti ìgbà tí òfin Sífù Dìfẹ́ǹsì ti jáde ní 2003, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2007, àwọn Sífù Dìfẹ́ǹsì ló ń yẹ àwọn kọ́ńpìnnì yìí wò, àwọn ló ń bójú tó ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn, àwọn ló sì lè ti ilẹ̀kùn èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ láìní láísẹ́ǹsì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ nìyí: ìjọba ìbílẹ̀ kò ní agbára yẹn. Ìbáà jẹ́ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀, ìbáà jẹ́ Ìlà-Oòrùn Iléṣà, kò sí káńsù tó lè fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ǹsì ẹ̀ṣọ́. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé káńsù wá bá yín pé láísẹ́ǹsì òun nìyẹn, owó ṣọ́ọ̀bù ló lọ san níbẹ̀. Ìwé yẹn kọ́ lẹ ń wá.

Ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn. Bí ẹ̀ṣọ́ kọ́ńpìnnì bá ṣèèyàn léṣe tàbí bó bá bá olè lẹ̀dí àpò pọ̀, kọ́ńpìnnì ló gbà á síṣẹ́, àdéhùn tí ẹ jọ tọwọ́ bọ̀ wà nílẹ̀, ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn. Ti mẹ́gáàdì, ọrùn onílé ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀, nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n máa bi ọ̀gá. Ti ọlọ́dẹ àdúgbò ló burú jù, mo sì ti fojú ara mi rí i. Ẹgbẹ́ onílé tí kò forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan lójú òfin. Alága, akọ̀wé àti akápò ni wọ́n máa ké sí, lórúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n.

Ti Àmọ̀tẹ́kùn yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá a sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà sọ pé kò bófin mu. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀, Òṣun náà sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2020 yẹn kan náà. Mo máa ń rán àwọn onílé ẹgbẹ́ mi létí èyí gan-an: bí gómìnà mẹ́fà bá nílò òfin kí wọ́n tó lè kó ẹ̀ṣọ́ jọ, kí ló jẹ́ kí àwa onílé mọ́kànlélọ́gbọ̀n rò pé owó ọdẹ nìkan tó? Ìpínlẹ̀ ló ń dáhùn fún Àmọ̀tẹ́kùn. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ tó wọn létí, ẹ lè pè wọ́n, ẹ lè bá wọn ṣe ìpàdé. Ẹ ò lè ní kí ọ̀kan nínú wọn wá jókòó sídìí géètì yín.

Ọlọ́pàá náà bẹ́ẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní àyè fún ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ láti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá kí wọ́n fún un ní ọlọ́pàá tí òun fúnra rẹ̀ á máa sanwó oṣù rẹ̀. Báǹkì ló ń ṣe irú ìyẹn, kì í ṣe àdúgbò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu pàṣẹ kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn ńlá, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ní ìbọn kó lọ bá Sífù Dìfẹ́ǹsì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí fún yín pé òun á bá yín mú ọlọ́pàá méjì wá, ọwọ́ ẹ̀yìn ló fẹ́ fi ṣe é. Ẹ má fi owó ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e.

Ìbọn àti okùn

Òfin 1986 yẹn kan náà sọ ọ́ kedere pé ẹ̀ṣọ́ kọ́ńpìnnì kò gbọdọ̀ gbé ìbọn tàbí ọta lẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, kò sì gbọdọ̀ jọ ti ọlọ́pàá tàbí ti sójà. Ẹ fi sọ́kàn. Kọ́ńpìnnì tó bá fi ìbọn polówó ara rẹ̀ fún yín ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń rú òfin.

Ọlọ́dẹ àdúgbò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọdẹ lóòótọ́, ṣakabùlà sì ni irinṣẹ́ ọdẹ látayébáyé. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà pàápàá nílò ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin ìbọn. Orúkọ ẹni tó ni ín ló máa ń wà lórí ìwé náà, kì í ṣe orúkọ àdúgbò. Bí ọlọ́dẹ yín bá ní ìbọn, ẹ ní kó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí kò bá ní, kó fi ìbọn sílé kó mú fèrè àti tọ́ọ̀ṣì wá síbi iṣẹ́. Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000 ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìbọn bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Ilé tó jó nígbà náà, àwọn kan ò tíì tún kọ́ títí dòní.

Ní ti mímú èèyàn, mẹ́gáàdì, ọlọ́dẹ àti ẹ̀ṣọ́ kọ́ńpìnnì, bákan náà ni wọ́n rí lójú òfin: ará ìlú ni wọ́n. Ará ìlú lè mú ẹni tó bá ń jalè lójú rẹ̀, àmọ́ kíákíá ló gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò láṣẹ láti nà án, kò láṣẹ láti so ó mọ́ òpó di ọ̀sán, kò láṣẹ láti gba fóònù rẹ̀ yẹ̀ wò. Wáyà iná tí wọ́n fi so ọmọ ilé kẹrin yẹn, inú àpótí irinṣẹ́ mi ló ti wá. Èmi ni mo yá ọlọ́dẹ náà láti fi so géètì. N kò tún yá ẹnikẹ́ni ní wáyà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ibi tí kọ́ńpìnnì tó dáa ti máa ń borí àwọn yòókù nìyí: wọ́n máa ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ wọn ní ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ bi wọ́n ní ìpàdé, lójú gbogbo èèyàn, pé: "Bí ẹ̀ṣọ́ yín bá rí ẹni tí kò mọ̀ láago méjì òru, kí ni kó ṣe?" Ẹni tó ní òun á "fojú ẹ̀ rí màbo", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Owó, àti ibi tó ń gbà lọ

Kọ́ńpìnnì kan wá bá wa pẹ̀lú fáìlì dáradára, ó ní 120,000 náírà lóṣù fún ẹ̀ṣọ́ méjì, ọ̀kan ní ọ̀sán, ọ̀kan lóru. Àwọn onílé pàtẹ́wọ́. Mo ní ká jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná.

Láti oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà, agbanisíṣẹ́ tó bá sì ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san án. Ìjọba Òṣun gan-an ń san 75,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Lórí 70,000 yẹn, agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ìyẹn 7,000. Lẹ́yìn èyí, ó máa ń san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún fún NSITF, kí wọ́n lè tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn 700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 77,700 lórí ẹ̀ṣọ́ kan, 155,400 lórí méjì, láìtíì ka aṣọ, bàtà, tọ́ọ̀ṣì àti èrè kọ́ńpìnnì.

Báwo wá ni 120,000 ṣe fẹ́ tó? Bí kọ́ńpìnnì náà ò bá tiẹ̀ jẹ kọ́bọ̀ kan, 60,000 ló máa kan ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo bi ẹ̀ṣọ́ kan tó ń ṣọ́ ibì kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ó ní 38,000 lòun ń gbà, àti pé wọ́n máa ń yọ nínú rẹ̀ bí òun bá pẹ́ dé. Wákàtí 12 lójúmọ́, ọjọ́ méje lọ́sẹ̀: wákàtí 84. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ń fi búrẹ́dì àti omi àpò jẹun alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ẹni tí ebi ń pa, tí oorun ń kùn, òun la fi kọ́kọ́rọ́ ilé wa lé lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Owó ọdẹ tiwa tẹ́lẹ̀ kéré sí èyí lọ́pọ̀lọpọ̀, òótọ́ ni. Ọlọ́dẹ kan lẹ máa ń san fún, lóru nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì tàbí NSITF lọ́rùn yín. Ṣùgbọ́n bí olè bá ṣá a ládàá, àpò ta ni ẹ ó ti mú owó ọsibítù? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Mẹ́gáàdì ló rọrùn jù láti san fún onílé kan ṣoṣo, pàápàá bó bá ní yàrá lẹ́yìn ilé. Ẹ má wá fi yàrá yẹn dípò owó oṣù rẹ̀. Òun náà ní ìdílé tó ń fowó ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀ṣọ́ ìjọba kò ní owó oṣù lọ́rùn yín rárá. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín lóṣooṣù láìní risítì, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.

Ìwé tí wọ́n gbé wá bá wa

Ọkùnrin onífáìlì yẹn mú fọ́tòkọ́pì láísẹ́ǹsì jáde. Ó gbé e sókè níwájú ìpàdé, ó sì yára fẹ́ dá a padà sínú fáìlì. Mo ní kó fún mi. Orúkọ kọ́ńpìnnì hàn gedegbe, òǹtẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n níbi tí ọdún tí láísẹ́ǹsì máa parí wà, ìlà dúdú kan gba ibẹ̀ kọjá, bíi pé ẹ̀rọ ló fà á. Mo yí ìwé náà sí gílóòbù. Ìlà yẹn nípọn ju àwọn ìlà yòókù lórí ìwé náà lọ. Mo ní kó mú ojúlówó wá. Ó ní Èkó ló wà. A ní kó lọ mú un wá, a óò dúró dè é. Kò padà wá mọ́.

Ìwé tí ẹ máa bèèrè kò pọ̀. Nọ́ńbà CAC ni àkọ́kọ́. Ẹ lè wá orúkọ náà fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ojúlówó láísẹ́ǹsì pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Sífù Dìfẹ́ǹsì. Ilé-iṣẹ́ wọn fún ìpínlẹ̀ wa wà ní Òṣogbo, ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn kọ́ńpìnnì ẹ̀ṣọ́ sì ni kí ẹ bèèrè. Lẹ́yìn èyí ni ìwé tó fi hàn pé àwọn ọlọ́pàá ti yẹ ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó kẹ́yìn ni ìwé owó oṣù: ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín iye tó ń dé ọwọ́ ẹ̀ṣọ́. Ìwé yìí ni wọn kì í fẹ́ mú jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bèèrè rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọlọ́dẹ tàbí mẹ́gáàdì ni, ẹ̀yin ni yóò ṣe ìwé tirẹ̀: fọ́tò, nọ́ńbà NIN, àdírẹ́sì ilé, orúkọ onígbọ̀wọ́ méjì tí ẹ ti fẹsẹ̀ dé ilé wọn. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún DPO, ìyẹn ọ̀gá tẹ́ṣàn ọlọ́pàá àgbègbè yín, ẹ mú òmíràn lọ fún baálẹ̀ àdúgbò. Ní ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, ohun tí tẹ́ṣàn kò tíì gbọ́, ààfin sábà máa ń ti gbọ́.

Ẹni tó mọ ojú ọmọ àdúgbò

Níbí, ọlọ́dẹ àdúgbò ni ọ̀gá, n kò sì ní purọ́. Ọlọ́dẹ tó ti pẹ́ mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń kàwé mọ́jú, ó mọ nọ́ọ̀sì tó ń dé láti iṣẹ́ alẹ́, ó mọ ìyá tó ń jí lọ sọ́jà láago mẹ́rin. Ó mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹnì kan lè gbà já sẹ́yìn ilé. Kọ́ńpìnnì a máa pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Kí ó tó mọ yín, wọ́n ti gbé e lọ sí Òṣogbo. Bí ẹ bá gba kọ́ńpìnnì, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́ láìsọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àti pé ẹni tuntun gbọ́dọ̀ bá ẹni àtijọ́ ṣiṣẹ́ fún òru mẹ́ta.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ilé gbígbé kan tó ní ọgbà: mẹ́gáàdì tó ń dáhùn sí ẹnì kan, pẹ̀lú ìwé tí mo sọ yẹn, ti tó. Ilé-ìwé aládàáni, òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo àti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní yàrá púpọ̀: kọ́ńpìnnì tó ní láísẹ́ǹsì ni, mi ò rí ìdí kankan láti gba ohun mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó owó tàbí wúrà ní agbègbè Iléṣà, ẹ má gba ọlọ́dẹ fún un láé, òfin ti sọ ẹni tó lè gbé e.

Àdúgbò ló nira. Tiwa jẹ́ ilé 31. A gba kọ́ńpìnnì mìíràn, tó fi ojúlówó ìwé hàn wá, fún ẹ̀ṣọ́ méjì. Owó rẹ̀ pọ̀, ó mú kí ilé kọ̀ọ̀kan fi owó lé owó ọdẹ àtijọ́, àwọn méjì sì bínú kúrò ní ìpàdé. A tún gba bàbá ọlọ́dẹ kan tó ti ṣọ́ àdúgbò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó lé e nítorí pé ó darúgbó. Kì í sáré mọ́, kì í sì gbé ohunkóhun ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jókòó ti ẹ̀ṣọ́ tuntun lóru, kó máa sọ fún un pé, "Ọmọ ilé báyìí nìyẹn, ṣí i fún un."

Nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àti ti DPO wà lára ògiri ìdí géètì, a fi ọ̀dà pupa kọ ọ́.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ la máa fi sọ ti ẹ̀ṣọ́ kẹta, tí yóò jẹ́ kí àwọn méjì yòókù lè ní ọjọ́ ìsinmi. 233,100 ni owó oṣù ẹni mẹ́ta àti ohun tó tẹ̀ lé e, nǹkan bíi 7,520 náírà lórí ilé kọ̀ọ̀kan, láìka ti kọ́ńpìnnì. Ilé 19 ti gbà. Mo ṣì ń kanlẹ̀kùn àwọn yòókù.